Ogójì Ọmọkùnrin Teslim

Teslim ní ogójì ọmọkùnrin lòun bí, pé bí wọ́n bá jọ tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àgbàrá á ya dé Costain.

September 1990 ni, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Mushin. Wọ́n ti fá ìdajì orí ẹ̀.

Yàtọ̀ sí onígbàjámọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó máa ń bá Teslim sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.

Tíṣà kan ń ka ìwé ìròyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn onímọ̀ ti rí èròjà ara kan, purotéènì, tó ń dì mọ́ àbùdá ọlẹ̀, táá tan án bí iná, kó lè di ọkùnrin. Ọ̀dọ̀ bàbá nìkan ni àbùdá tó ń ṣe é ti ń wá."

"Ìyá ńkọ́?" Teslim bi í.

"Kò sí lára ìyá rárá."

Teslim yíjú sí i. "Tún un kà."

Tíṣà tún un kà.

Obìnrin kan wọlé pẹ̀lú ọmọbìnrin mẹ́rin tó fẹ́ gẹrun, torí iléèwé máa wọlé lọ́la.

Èyí tó kéré jù ń wo Teslim nínú dígí. "Màámi, bàbá yìí jọ mí."

"Bàbá ẹ ni. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ẹ ló lé wa jáde, ó ní obìnrin nìkan ni mo mọ̀ ọ́n bí."

Onígbàjámọ̀ dáwọ́ dúró. "Ẹ̀gbọ́n, ogójì yẹn ńkọ́?"

Teslim bẹ́ sí títì pẹ̀lú ìdajì irun.

Ó sáré dé Ojúẹlẹ́gbà kó tó bojú wẹ̀yìn.

Kò sẹ́nì kankan tó ń lé e bọ̀.