Aránṣọ Tó Fẹ́ Yọ̀ Lórí Omi

Fàósátù kì í ṣe èèyàn burúkú. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé kò lè gbọ́rọ̀ sí ẹni tó kéré sí i lẹ́nu. Bí ọmọdé bá sọ òtítọ́ fún un, òtítọ́ náà á di àrífín létí rẹ̀.

Aránṣọ ni, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó ń gbé Lásúnwọ̀n, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní Agric. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Bí èèyàn bá ń wá ẹni tó mọ aṣọ í gé ní Ìkòròdú, òun náà ni. Á na aṣọ sórí tábìlì, á fojú wò ó, sísọ́ọ̀sì á sì máa lọ bí ọkọ̀ ojú omi. Ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń gé aṣọ yẹn ló fi kọ́lé, òun ló fi rán àwọn àbúrò rẹ̀ níléèwé. Kò sí ọmọṣẹ́ tó máa fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí tí yóò fi gé bébà sìmẹ́ńtì sú. Á ní, “Ẹni tí kò bá ba bébà jẹ́, aṣọ ló máa bà jẹ́.”

Lẹ́yìn Iléyá kan, ó lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì jọ wọkọ̀ lọ gba atẹ́gùn létí òkun. Ibẹ̀ ló ti rí Ṣìmí, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń gun pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní sìkímùbọ́ọ̀dù. Bí ìgbì bá fọ́ tó ń padà, tí omi fẹ́lẹ́ kù lórí iyanrìn, Ṣìmí á ju pátákó náà sórí omi, á sáré tẹ̀lé e, á gùn ún, á sì máa yọ̀ lọ bí ẹni tí kò wúwo rárá. Fàósátù kò lè gbójú kúrò. Láti kékeré ló ti tẹ̀ sórí máṣíìnì, ẹ̀yìn ríro ti di ara rẹ̀. Òun náà fẹ́ fúyẹ́, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré. Ta ló máa bá a wí?

Ó ní kí Ṣìmí kọ́ òun, Ṣìmí sì gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Ó fa ìlà sórí iyanrìn gbígbẹ, ó ní kí ó máa sáré wá kí ó máa tẹ ìlà náà, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn ìkejì, láìsí pátákó. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú: kí ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí ó fi èjìká yí, kí ó má fi ọwọ́ gbalẹ̀ láé. Ó sì kìlọ̀ fún un pé bí pátákó bá kan iyanrìn gbígbẹ, ṣe ló máa dúró gbagidi.

Kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi sú Fàósátù. Ó bi Ṣìmí bóyá suwé ni òun wá ta bí ọmọdé.

“Ẹ má bínú, mà,” ni Ṣìmí wí, ó sì kúnlẹ̀. “Bóyá ká ṣì wà lórí iyanrìn díẹ̀ sí i.”

Ẹ mọ̀ bá a ṣe ń ṣe nílẹ̀ wa. Ọmọdé kì í là á mọ́ àgbà lójú pé rárá. Ẹ̀bẹ̀ nìkan ni Fàósátù gbọ́, kò gbọ́ ìkìlọ̀ inú rẹ̀.

“Ṣìmí, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.”

“Òótọ́ ni, mà. Ṣùgbọ́n òkun ò mọ ta ló ní àkísà.”

Ojú Fàósátù le. “O ti ń yájú, ọmọ yìí.”

Láti ìgbà náà ni Ṣìmí ti pa ẹnu mọ́.

Fàósátù gba pátákó. Ó jù ú, ó sáré, ó gùn ún, omi sì gbé e lọ. Híjáàbù rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn, ó sì bú sẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò rẹ́rìn-ín láti ọdún mélòó kan. Inú Ṣìmí pàápàá dùn.

Àfi bó ṣe tún jù ú, tó sáré gidi. Omi ti padà sókun níwájú, iyanrìn ti gbẹ. Ṣìmí rí i. Ó yanu, ó rántí ọ̀rọ̀ tí Fàósátù sọ sí i, ó pa á dé. Nígbà tó fi máa pariwo, ó ti bọ́. Pátákó dúró gbagidi, Fàósátù ò dúró. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbalẹ̀.

Afàgò kẹ́yin àparò. Ohun ojú ń wá lojú ń rí. Eegun ọwọ́ náà ṣẹ́. Wọ́n tò ó, wọ́n dì í, eegun sì so pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìka kò ká bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́. Bí ó bá gbé sísọ́ọ̀sì, á jábọ́. Ṣìmí wá kí i ní Lásúnwọ̀n, ó ń sunkún. Fàósátù bi í pé kí ló dé tí kò tètè sọ̀rọ̀.

“Ẹ ní mo ti ń yájú, mà.”



Lọ́jọ́ kan, léèsì ìyàwó tuntun wà lórí tábìlì ní Agric. Fàósátù fi ọwọ́ òsì fa ṣọ́ọ̀kì sí i, ó ní kí Waliyah, ọmọṣẹ́ rẹ̀ tó dàgbà jù, gé e. Waliyah gbé sísọ́ọ̀sì, kò gé e. Ó yanu, ó tún pa á dé. Fàósátù mọ ojú yẹn. Ó ti rí i rí létí òkun.

“Waliyah, má bẹ̀ mí. Sọ ọ́.”

“Apá òsì kéré, mà.”

Fàósátù fi téèpù wọ̀n ọ́n. Òótọ́ ni. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ kúrò. “Gé e bí o ṣe rí i.” Ó wá lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé itan, ó sì ń gbọ́ bí sísọ́ọ̀sì ṣe ń lọ lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ìtàn yìí, kò sí ẹ̀gàn nínú kí àgbà kọ́ nǹkan tuntun. Ó tilẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì, ọmọṣẹ́ ni níbẹ̀, ì báà hu ewú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àgbà tó bá fi ọjọ́ orí pa ọmọdé lẹ́nu mọ́, ara rẹ̀ ló ń dí létí. Ẹ̀yin ọmọdé náà, ẹ kúnlẹ̀ bẹ́ ẹ bá fẹ́ kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá rí iyanrìn gbígbẹ níwájú àgbà, ẹ tètè pariwo.