Ta Ni Yóò Jẹ́wọ́ fún Obìnrin?

Ọ̀rọ̀ náà ti ń rí Alága ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ìjọ lára láti ọjọ́ tí wọ́n ti kà á sétí ìjọ. Bíṣọ́ọ̀bù fẹ́ mọ èrò ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan: bí wọ́n bá ń fi obìnrin jẹ oyè àlùfáà, ṣé èrò yóò túbọ̀ wọ inú Ìjọ Kátólíìkì? Aṣojú rẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú láti wá gbọ́ tẹnu wọn, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá sì dá a lójú jù lọ ni yóò bá a lọ sí ìpàdé ńlá. Alága ti rán aṣọ tí yóò wọ̀ lọ síbẹ̀.

"Obìnrin nínú aṣọ Mísà," ó wí nídìí oúnjẹ, ó sì tutọ́ sínú abọ́ tó fi fọwọ́. "Èmi kọ́ ni màá gba ara Olúwa lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ìdí ọmọ tán."

Ìyàwó rẹ̀ wo itọ́ tó léfòó nínú abọ́ náà. Òun ló ń fọ aṣọ pẹpẹ, tó ń fi sítáàṣì sí i, tó sì ń lọ̀ ọ́, ìyẹn ni gbogbo ìjọ fi ń pè é ní Ìyá Aláṣọ.

"Ẹ ti jẹun tán, Bàbá àwọn ọmọ?"

"Mo ti yó."

Ó gbé abọ́ náà jáde, ó dà á nù, ó sì fi kànrìnkàn ọ̀tọ̀ fọ̀ ọ́. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ti ya kànrìnkàn ọkọ rẹ̀ sọ́tọ̀, ó ya ife rẹ̀ sọ́tọ̀, ó sì kó lọ sùn ní yàrá àwọn ọmọ. Alága ní ọjọ́ ogbó ló ń dé sí i. Kò bi í léèrè.

Ohun tí Bíṣọ́ọ̀bù ń wá kò tilẹ̀ yé e, nítorí pé ìjọ tiwọn kún. Òótọ́ ni pé àga máa ń ṣófo tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ibà kan gbé Fádà Àgbà dè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà tó sì dìde, bí ẹni tí wọ́n tún dá ni. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá jẹ́wọ́ láti ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn. Wọ́n ní Fádà yìí mọ ibi tí bàtà ti ń ta ọmọ aráyé lẹ́sẹ̀, kì í di ẹrù tó ju agbára ẹni lọ léni lórí. Àwọn tó ti fi ìjọ sílẹ̀ kó tìyàwó tọmọ padà wá.

Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń rojọ́ rẹ̀. Èèyàn lè kí Fádà kí ọ̀nà ọ̀fun gbẹ, ẹ̀rín ló máa fi dáhùn.

"Ẹni tó ń gbọ́ ohùn ọ̀run," Alága máa ń wí fún wọn, "kí ló fẹ́ fi ẹ kú àárọ̀ yín ṣe?"

Ní Sátidé, Ìyá Aláṣọ ti jáde nílé kí Alága tó múra. Aṣọ pẹpẹ kì í lọ ara rẹ̀. Alága tò sẹ́yìn àwọn tó kù, ìgbà tó kàn án, ó wọ yàrá kékeré ìjẹ́wọ́, ó kúnlẹ̀ síwájú aṣọ funfun tó nípọn tó wà láàárín òun àti Fádà. Aṣọ náà ń rùn sítáàṣì. Ara rẹ̀ balẹ̀. Wọ́n ní ògiri létí, ṣùgbọ́n ti ibí yìí kò ní. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ta sí ẹnikẹ́ni létí níta, kò sí àga alága mọ́, kò sí ìpàdé ńlá, àwọn àna rẹ̀ á sì ká a mọ́lé.

"Fádà, ẹ súre fún mi. Mo tún lọ sọ́dọ̀ obìnrin onífótò yẹn. Mo sì sọ fún un pé òórùn ìyàwó mi ló ń lé mi jáde nílé. Àwa méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín sí i."

Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ọ lára igi, kọ́, kọ́, kọ́, bó ṣe máa ń gbọ́ ọ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà Fádà tó ń kan àga. Ti òní pẹ́ díẹ̀.

"Mo kí ọ Màríà, ogún," ni Fádà wí. "Ọlọ́run ti dárí jì ọ́, ọmọ mi. Máa lọ ní àlàáfíà."

Wọ́n máa ń fún àwọn yòókù ní mẹ́ta tàbí márùn-ún. Ti Alága kì í kéré bẹ́ẹ̀, ó sì gbà pé ẹni ńlá lẹrù ńlá tọ́ sí. Ó kà á tán, ara rẹ̀ fúyẹ́. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé, oúnjẹ tútù ló gbé síwájú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n gbé àga fún aṣojú Bíṣọ́ọ̀bù àti Fádà Àgbà ní iwájú gbọ̀ngàn. Ìyá Aláṣọ jókòó sẹ́yìn, ó ń ká aṣọ pẹpẹ lé orí itan. Alága dìde nínú aṣọ tuntun.

"Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́," ló fi bẹ̀rẹ̀. "Ta ni yóò jẹ́wọ́ fún obìnrin? Ohun tó bá gbọ́ ní Sátidé, kí Mísà ọjọ́ kejì tó parí, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Obìnrin ò ṣeé finú hàn. Ohun ìríra ni, kò sì lè fa ẹnikẹ́ni wọ ìjọ. Ẹ wo Fádà wa. Ta ló kó gbogbo èrò yìí jọ, bí kì í bá ṣe ọkùnrin?"

Àwọn ọkùnrin pàtẹ́wọ́. Aṣojú Bíṣọ́ọ̀bù mi orí, ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Fádà, kí lẹ rí sí i?"

Fádà Àgbà ń rẹ́rìn-ín sí ojú fèrèsé. Aṣojú tún béèrè, ó gbóhùn sókè. Ẹ̀rín náà kò yẹ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú.

Ìyá Aláṣọ gbé aṣọ itan rẹ̀ sílẹ̀, ó rìn wá síwájú láìkánjú, ó wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń wo itọ́ inú abọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Fádà.

Ó fi ìka kan apá àga náà, kọ́, kọ́, kọ́, ó pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró, Fádà Àgbà tí ibà ti dí létí láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì fi àtẹ́lẹwọ́ kà á tán lára igi, bó ṣe máa ń kà á láti ọwọ́ obìnrin yìí kan náà lẹ́yìn aṣọ funfun yẹn ní gbogbo Sátidé, ó gbójú sókè, ó ní, "Mo kí ọ Màríà, ogún, ọmọ mi."