Ẹni Tó Fa Àwọ̀n Ya Ló Ń Gbé E Lọ

"Ogún ẹgbẹ̀rún," Rodrigue sọ. "Mi ò ní yọ fàráǹkì kan níbẹ̀."

"Mẹ́jọ," Ẹfúnwùmí dáhùn. Kò gbójú kúrò lára epo tó ń rọ sínú bídọ́ọ̀nù.

Rodrigue ju àwọ̀n náà sílẹ̀ láàárín àgbàlá. Láti etí ọ̀sà ló ti fi alùpùpù gbé e wá sí Ìkpinlẹ̀, Bàbá Àlàgbé, olórí àwọn apẹja, sì jókòó lé e lórí lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni jókòó lórí tìmùtìmù. Ihò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n náà, ó tó kí ewúrẹ́ ki orí bọ̀ ọ́.

"Ẹja wà nínú ẹ̀ lóru tí ọkọ̀ yín gbà á kọjá," Rodrigue sọ.

"Mélòó?"

"Ṣé mo ti kà á ni?"

"Ẹja tí ìwọ fúnra ẹ ò kà, èmi ni kí n wá san án?"

Epo pupa ni Ẹfúnwùmí ń tà. Òru ló máa ń fi ọkọ̀ kó o gba orí ọ̀sà lọ sí Àjàṣẹ́, torí lọ́sàn-án, àwọn tó ń gbowó lójú omi pọ̀ ju ẹja lọ.

Bàbá Àlàgbé gbọ́wọ́ sókè. "Rodrigue, rọra. Tí àwọn ẹlòmíì bá fa àwọ̀n ya, wọ́n á paná, wọ́n á sá. Obìnrin yìí dúró. Ó pariwo orúkọ rẹ̀, ó dárúkọ ìlú rẹ̀, ó ní ká bèèrè ilé elépo lẹ́yìn ibi ìlọgbàdo. Ìkẹta rẹ̀ rèé lọ́dún yìí, kò sì sá rí. Kò mọ ọkọ̀ ọ́ wà, ṣùgbọ́n olóòótọ́ ni."

"Ẹ ṣé, Bàbá. Èló lẹ tiẹ̀ ń ta tuntun?"

"A kì í tà á," Rodrigue dáhùn. "Ọwọ́ wa la fi ń hun ún. Àwọ̀n tó pé kì í bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń gbé lórí ilẹ̀. Èèwọ̀ ni. Ẹja á kẹ̀yìn sí wa."

"Mo gbọ́. Mẹ́jọ náà ni."

Rodrigue mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ẹ fún mi ní mẹ́fà péré, kí n gbé àwọ̀n mi padà. Màá rán an."

Fáṣèyí, aládùúgbò tó ń gbin ìrẹsì, wúkọ́ lórí odó tó jókòó lé.

"Òfin yín ńkọ́, Bàbá?" Ẹfúnwùmí bèèrè.

"Òfin ni," Bàbá Àlàgbé sọ. "Ẹni tó fà á ya, tó sì sanwó, òun ló ń gbé e lọ. Torí láyé ọjọ́sí, àwọn ọmọ wa á gbé àwọ̀n yíya kan ṣoṣo ka ọkọ̀ mẹ́ta mọ́lẹ̀, wọ́n á gbowó lọ́wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Rodrigue wolẹ̀. "Méjìdínlógún, ẹ gbé e."

"Mẹ́wàá."

"Ìyá elépo, ẹ lójú àánú."

"Lójú tèmi, àánú ni mẹ́wàá."

"Méjìlá," Bàbá Àlàgbé sọ, "ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n kí o tó sanwó, ọmọ mi, fetí sílẹ̀, kí ìkẹrin má bàa ṣẹlẹ̀. Tí o bá rí bídọ́ọ̀nù funfun méjì tó léfòó, àárín wọn ni àwọ̀n wà. Má gbabẹ̀. Gba ẹ̀yìn wọn. Jẹ́ kí ẹnì kan mú iná sún mọ́ omi dáadáa níwájú ọkọ̀. Tí okùn bá ká mọ́ ẹ̀rọ, pa á, gbé e sókè, má fi ipá fà á."

"Àwọ̀n tó jẹ́ tuntun ńkọ́, Bàbá? Èyí tó nípọn. Báwo ni mo ṣe máa dá a mọ̀ lóru?"

"Àkísà pupa tí wọ́n so mọ́ bídọ́ọ̀nù rẹ̀ kò tíì ṣá. Wọ́n pọ̀ lápá ibi tí odò ti ń wọ ọ̀sà."

"Lápá ọ̀tún ni àbí lápá òsì?"

"Ọ̀tún." Bàbá Àlàgbé yíjú sí Rodrigue. "Ṣé o rí i? Ó ń fẹ́ kọ́."

Ẹfúnwùmí nu ọwọ́ epo, ó tú etí ìró, ó san ẹgbẹ̀rún méjìlá.

Nígbà tí ariwo alùpùpù wọn dákẹ́ lọ́nà Àjà-Wẹ̀rẹ̀, Fáṣèyí ka ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lé Ẹfúnwùmí lọ́wọ́, ó fa àwọ̀n náà mọ́ra, ó ní ó máa bo ìrẹsì òun dé ẹ̀bá odò kí ẹyẹ má rí i jẹ mọ́, ó bèèrè ìgbà tí ìkẹrin máa dé, Ẹfúnwùmí sì ní kó fún òun di Ọjọ́bọ̀.