Ẹsẹ̀ Kẹrin Òpó Tẹlifíṣọ̀n

Láràárọ̀, kí Àṣìkẹ́ tó fọ ẹnu, á kọ́kọ́ dúró lójú fèrèsé, á wo òpó tẹlifíṣọ̀n tó wà lórí òkè lẹ́yìn ìlú Ìlaròó. Ó ti so okùn kan mọ́ òkè fèrèsé náà, ó fi àgádágodo kọ́ ìdí rẹ̀ kó lè rọ̀ sílẹ̀ gbọnrangandan. Á di ojú kan, á wo okùn, á wo òpó, á wá kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan. Rọ́fíàt tó ń gbé yàrá kejì gbà pé ìfẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń dà á láàmú.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni lóòótọ́. Lọ́dún 1984, òun ló ya àwòrán òpó náà: ẹsẹ̀ mẹ́rin, ìbàdí tó sún wọlé, orí tó tín-ín-rín. Òpó náà ni wọ́n fi ń rí àwòrán tẹlifíṣọ̀n kedere títí dé Òkè-Ọ̀dàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Àṣìkẹ́ lọ bá àwọn àgbà onílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀, Gideon ọ̀gá rẹ̀ kó àwọn àwòrán orí tábìlì rẹ̀, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí wọn. Wọ́n fi Gideon jẹ ọ̀gá àgbà. Àṣìkẹ́ pariwo, wọ́n lé e dànù. Ogójì ọdún kò pa ìbínú yẹn. Ó ti wọ̀ ọ́ léegun.

Lọ́jọ́ Ajé kan, àwọn méjì dé láti ọ́fíìsì ìjọba. Wọ́n fi téèpù wọn ìdí òpó, wọ́n ní ẹni tó yà á gan-an làwọn ń wá. Kíá ló ti kárí ìlú pé wọ́n fẹ́ gbẹ́ orúkọ ẹni náà sára òpó.

"Màmá, ẹ gbé agolo tẹ́ ẹ fi ń pa bébà yín mọ́ láti ogójì ọdún jáde!" Rọ́fíàt ní. "Ẹ fi àwòrán yín hàn wọ́n. Kójú ó ti olè!"

"Ojú á tì í," Àṣìkẹ́ dáhùn.

Gideon wọ funfun wá sídìí òpó. Nígbà tó rí agolo lábíyá Àṣìkẹ́, òógùn bò ó.

"Màmá, a gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ yà á," Ọdẹkúnlé, àgbà nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà, bi í.

"Irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n Gideon nìkan ló yà á. Ìlà kan ṣoṣo ò ti ọwọ́ mi wá."

Omijé bọ́ lójú Gideon. "Àṣìkẹ́, Olúwa á ṣe é fún ọ." Ó fọwọ́ síwèé pé òun ló yà á, Àṣìkẹ́ náà sì fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí.

Ọdẹkúnlé pa fáìlì dé. "Bàbá, ẹ máa bá wa lọ s'Ábẹ́òkúta. Ẹsẹ̀ kẹrin òpó yìí ti rì, òpó náà sì ti ń tẹ̀ sápá ibi tílé àwọn èèyàn wà. Ẹni tó yà á ni yóò dáhùn ní kóòtù."

Àṣìkẹ́ padà sílé, ó ṣí agolo, ó sì fi bébà kan ṣoṣo tó wà nínú rẹ̀ dáná ọ̀sán: ojú ewé tó gbẹ̀yìn nínú àwòrán náà, èyí tó mú lọ bá àwọn onílẹ̀ lọ́jọ́ tí Gideon jí ìyókù, tí Àṣìkẹ́ sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí àwọn onílẹ̀ sọ sí, pé kànga àtijọ́ kan wà lábẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ kẹrin máa dúró sí, kí ẹnikẹ́ni má gbé nǹkan kan lé e.