Àyè Iyọ̀ Nínú Àtẹ Ìdáná

Mo ní kí ààrò bá mi se ẹ̀wà, ààrò ní òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ iyọ̀.

Wọ́n ti tún wọ inú àtẹ ìdáná mi nìyẹn! Àtẹ yẹn ni àkọsílẹ̀ tí ààrò ń tẹ̀lé; ohun tí kò bá ti ní àyè nínú rẹ̀, ààrò ò ní fọwọ́ kàn án. Mo bi Alóre, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ àtẹ náà, pé ta ló ṣe é.

"Ọmọ yín Abíọ́nà, tó wà lórí òṣùpá, ló yọ àyè iyọ̀."

Mo dá a padà. Kíá ni Alóre kéde fún gbogbo ọmọ mi: "Màmá ti fi àyè iyọ̀ kún àtẹ o!" N ò tíì jókòó tí Abíọ́nà fi pè.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ̀jẹ̀ ríru yín ńkọ́?"

"Dókítà ní kí n máa fi díẹ̀ sí i! Ṣé Alóre sọ fún ọ pé díẹ̀ ni mò ń bù?"

Alóre ò lè sọ ìyẹn. Àyè nìkan ló ń ṣọ́, kì í wo ohun téèyàn bù síbẹ̀.

Mo pa fóònù. Kí n tó yíjú, wọ́n ti tún yọ iyọ̀. Ọ̀rọ̀ náà sú mi pátápátá, ni mo bá yọ Alóre fúnra rẹ̀ kúrò. Ta ni yóò kéde ìyẹn? Mo dá iyọ̀ padà, mo jẹ ẹ̀wà mi, ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

Ọ̀sẹ̀ parí, kò sí ọmọ kankan tó pè mí.

Mo dá Alóre padà sípò, mo sì fi àyè ṣúgà kún àtẹ.