Olùkọ́ Tí Kò Bẹ̀rù Mẹ́sàn-án

Olúwafúnkẹ́ ti ka nọ́ọ̀tì, ìyẹn máàkì ìdánwò, bí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà kó tó mọ̀ pé ọwọ́ àwọn olùkọ́ máa ń gbọ̀n bí wọ́n bá dé orí mẹ́sàn-án. Nínú ogún ni wọ́n ti ń fún ọmọ ní nọ́ọ̀tì, mẹ́wàá ló sì gbọ́dọ̀ ní kó tó yege. Ní kọlẹ́ẹ̀jì mọ́kànlá tó yí ká ní Parakou, ó rí àwọn tó gba mẹ́jọ, ó rí ọ̀pọ̀ yanturu tó gba mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ẹni tó gba mẹ́sàn-án ṣọ̀wọ́n bí omi ẹ̀rọ nínú oṣù kẹta.

Kò sí awo kankan níbẹ̀. Olùkọ́ tó bá fún ọmọ ní mẹ́sàn-án ti pe bàbá, ìyá àti ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ náà wá sílé ara rẹ̀ nìyẹn. Olùkọ́ náà fẹ́ sinmi. Yóò fi oókan kún un, gbogbo wọn a sì lọ sùn.

Bí nọ́ọ̀tì ṣe ń pín sórí àwọn ọmọ ni Fúnkẹ́ ń kọ ìwé lé lórí fún oyè máásítà rẹ̀ ní yunifásítì. Bí ènìyàn bá ya irú ìpín bẹ́ẹ̀ sórí pépà, ó yẹ kó rí bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì: kó ga láàárín, kó tẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Tirẹ̀ dà bí agogo tí ẹnì kan bù jẹ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Tìjáànì, tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, wo àwọn àwòrán náà títí, ó wá bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Èyí dáa, ṣùgbọ́n kò tó," ló wí. "Wá olùkọ́ kan fún mi tí agogo tirẹ̀ pé, ká lè fi àwọn yòókù wé e. Láìsí ìyẹn, o ò lè gbèjà iṣẹ́ yìí níwájú ìgbìmọ̀ lóṣù keje."

Bí kò bá gbèjà rẹ̀ lóṣù keje, iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ tí wọ́n fi pamọ́ dè é ní yunifásítì yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọdún mẹ́ta ló ti ń retí iṣẹ́ náà. Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ ní Ṣábẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ti sọ fún gbogbo ìjọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní kọlẹ́ẹ̀jì kan ní Banikanni, ó rí Ọ̀gá Adéníyì, olùkọ́ ìtàn àti jọ́gíráfì. Ọmọ Kétu ni, oníwà pẹ̀lẹ́, ó ku ọdún mẹ́rin kó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní kò sí ẹni tó ń tètè dá ìwé ìdánwò padà bíi tirẹ̀: bó bá gbà á lónìí, á dá a padà lọ́la.

Fúnkẹ́ kó nọ́ọ̀tì ọdún márùn-ún rẹ̀, ẹgbẹ̀fà ìwé, sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí àwòrán náà jáde, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Agogo ni, ó pé pérépéré. Mẹ́sàn-án wà ní ipò rẹ̀. Àwọn tó gba mẹ́wàá àti àwọn tó gba mọ́kànlá ló pọ̀ jù, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Mẹ́fà péré ló gba mẹ́ta, márùn-ún péré ló gba méjìdínlógún, kò sì sẹ́ni tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ kéré sí mẹ́ta tàbí tó ju méjìdínlógún lọ.

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ kì í fún ẹnikẹ́ni ní ogún?" ló bi ọkùnrin náà nígbà tó padà lọ bá a ní kọlẹ́ẹ̀jì.

"Ogún, ti Ọlọ́run ni. Mọ́kàndínlógún, tèmi."

"Ẹni tí kò mọ nǹkan kan ńkọ́? Ẹ kì í fún un ní òdo?"

"Èmi kì í dójú ti ọmọ ọlọ́mọ."

Fúnkẹ́ kọ méjèèjì sílẹ̀.

Wọ́n ṣì wà lẹ́nu ẹ̀ nígbà tí obìnrin kan wọlé láti Ladjifarani, tó na ìwé ìdánwò méjì síwájú. Ọmọ rẹ̀, Faridah, kọ ojú ewé mẹ́rin, ó gba mẹ́fà. Nọ́fíù tó ń jókòó tì í ní kíláàsì kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ oṣù nìkan, ó gba mẹ́tàlá.

"Mùsíyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé èyí fún mi."

"Ìyá Faridah, ẹ wo gbogbo ohun tí Nọ́fíù kọ. Ẹ bá mi wá àṣìṣe kan ṣoṣo níbẹ̀."

Obìnrin náà wá a títí, kò rí.

"Ẹ sọ fún Faridah kó má rẹ̀wẹ̀sì," ni Ọ̀gá Adéníyì fi kún un. "Ó lè gba mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn ìsinmi."

Fúnkẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ọkùnrin yìí kò bẹ̀rù òbí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ẹsẹ̀ ló fi rìn dé ilé.

"Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń fi agogo yìí kọ́ àwọn ọmọ," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Tìjáànì wí nígbà tó rí àwòrán náà. "Inú ìwé nìkan ni mo ti ń rí i." Ojú rẹ̀ fẹ́ ṣomi.

Lóṣù keje, Fúnkẹ́ gbèjà iṣẹ́ rẹ̀, ó sì gba ipò tó ga jù. Wọ́n tẹ ìwé náà jáde pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ti Ọ̀gá Adéníyì nínú rẹ̀ gbàgàdà. Àwọn ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ọ ní kí wọ́n pe ọkùnrin náà wá kọ́ gbogbo olùkọ́ agbègbè náà bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ ní nọ́ọ̀tì láìṣe ojúsàájú. Iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́, ìpàdé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí sì ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kó ṣètò.

Ní àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá, ó mú lẹ́tà ìpè náà lọ sílé Ọ̀gá Adéníyì ní Albarika. Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Òkìtì ìwé ìdánwò wà lórí tábìlì, bíìkì pupa tó fi ń kọ nọ́ọ̀tì sì wà lórí wọn. Ọ̀gá Adéníyì dojú bolẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó na ọwọ́ sábẹ́ àga. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Dárasími, ń fi ìgbálẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Fúnkẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn, ó bi wọ́n léèrè ohun tó sọnù, kí òun lè bá wọn wá a.

"Dáìsì lúdò rẹ̀ kan ló yí wọbẹ̀," ni Ìyá Dárasími wí, "mẹ́ta ló máa ń dà fún ìwé kọ̀ọ̀kan kó tó kọ nọ́ọ̀tì sí i, bí a ò bá sì rí ẹ̀kẹta yìí, kò sí ọmọ tó máa lè ju méjìlá lọ."