Ẹnu-Ọ̀nà tí Zulkifli Fi Sílẹ̀ fún Bushrah

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, ẹ dákun. Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ wá fọwọ́ rọ́ ọ kọjá. Aládùúgbò wọn ni mí, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, nítorí pé ẹni tó fa wàhálà yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹnu rẹ̀ ló kàn pọ̀ ju etí rẹ̀ lọ.

1.
Zulkifli, télọ̀ ní Òkè Baálẹ̀ l'Óṣogbo, fẹ́ràn géèmù àtijọ́ kan láti kékeré. Akọni mẹ́rin ló ń rìn káàkiri ayé àwọn àǹjọ̀nnú níbẹ̀, tí wọ́n ń fi idà àti idán jà, tí agbára wọn ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Àwòrán rẹ̀ rí bátabàta. Wọn kì í fọhùn, ńṣe lo máa ka ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ lo máa sọ wọ́n lórúkọ. Oríkì àwọn ará ilé rẹ̀ ni Zulkifli fi sọ wọ́n: Àkànní ni òun fúnra rẹ̀, Àṣàkẹ́ ni Kàósárà ìyàwó rẹ̀, Àjọkẹ́ ni ìyá rẹ̀, Àníkẹ́ ni Bushrah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo.

Òun àti ọmọ náà jọ ta á títí wọ́n fi dé iwájú ẹnu-ọ̀nà ìkẹyìn. Ó sééfù ibi tí wọ́n dé kó má baà sọnù, ó pa tẹlifíṣọ̀n.

"Àníkẹ́, ọjọ́ tí o bá parí Kùránì, tí a ṣe wòlímọ̀ rẹ, la ó jọ wọlé."

Ọlọ́hun pe Zulkifli, ó kú kí ọjọ́ náà tó pé. Bushrah ò fọwọ́ kan ẹnu-ọ̀nà yẹn. Bó bá kírun Àsárì tán, á tan géèmù náà, á wo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbi tí wọ́n dúró sí, á tún pa á. Kéwú ló wá gbájú mọ́.

2.
Abdullateef, ẹ̀gbọ́n Zulkifli, òṣìṣẹ́ ìjọba, ra ẹ̀rọ géèmù ìgbàlódé. Láti ọjọ́ náà la ò ti sinmi mọ́ ládùúgbò. Àwọn ènìyàn inú tirẹ̀ ń làágùn, wọ́n ń fọhùn, ewé igi ń mì. Èmi náà wò ó, ó dára. Ṣùgbọ́n bí tìẹ bá dára, ṣé dandan ni kí ti ẹlòmíràn jẹ́ pàǹtí? Lórí Wasáàpù, òun àti Bọ̀wálé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Iléṣà tó fẹ́ràn ti àtijọ́, kò yéé jiyàn.

Nígbà tí wòlímọ̀ Bushrah ku ọ̀la, Bọ̀wálé dé fún ayẹyẹ náà. Pálọ̀ Zulkifli ni wọ́n jókòó sí, iyàn sì bẹ̀rẹ̀.

"Ti ìsinsìnyí wu ojú," Bọ̀wálé ní, "ṣùgbọ́n ta lo mọ̀ níbẹ̀? Wọ́n ti sọ gbogbo wọn lórúkọ kí o tó dé."

"Ọmọ òṣómàáló! Bí ẹ bá ti lóṣòó ti nǹkan, ẹ kì í dìde mọ́. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ eléyìí láti ìbẹ̀rẹ̀ lójú rẹ. Bí oorun ò bá gbé ọ lọ, kí n má jẹ́ Abdullateef!"

Ó tan géèmù Zulkifli, ó gbé páàdì tí wọ́n fi ń ta á.

3.
Kàósárà rí i. Ẹ mọ bó ṣe rí nílé wa: ìyàwó kì í jágbe mọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ, kì í já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ti Bushrah ni o."

Etí Abdullateef ò sí níbẹ̀, ó rò pé ó ń kí àlejò ni. "Ìyàwó wa, dìde, mo ti gbọ́. Lọ bu omi tútù wá fún Bọ̀wálé."

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní mo ti gbọ́!"

Kò gbọ́ nǹkan kan! Obìnrin náà dìde, ó lọ bu omi. Géèmù béèrè bóyá kí òun pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, kí òun kọ tuntun lé e lórí.

"Abdullateef, kà á ná," Bọ̀wálé ní.

"Ìdí tí mi ò fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, ìwé kíkà ti pọ̀ jù!" Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí Kàósárà fi máa padà dé, akọni kan ṣoṣo tí kò lórúkọ ló dúró ní abúlé àkọ́kọ́. Ife omi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà o, àgbà gan-an ló fà á.

4.
Bushrah ti ilé kéwú dé, wàláà rẹ̀ wà lápá. Ó wo tẹlifíṣọ̀n.

"Màmá, Àkànní dà?"

Ó yíjú sí Abdullateef, ẹni tó máa ń pè ní Bàbá àgbà.

"Bàbá àgbà, bàbá mi dà?"

Abdullateef dorí kodò. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà ka Kùránì láìṣìṣe, gbogbo ènìyàn ń yìn ín, kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Wọ́n ní ohun tí a ti kọ nǹkan lé lórí ti lọ nìyẹn.

5.
Abdullateef dá tirẹ̀ padà sínú páálí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ti àtijọ́ náà bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ó fi oríkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ wọ́n, ó ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ kà tẹ́lẹ̀. Ó pẹ́ gan-an kó tó dé iwájú ẹnu-ọ̀nà yẹn. Ó pe ọmọ, ó na páàdì sí i.

"Àníkẹ́, wá o. Mo ti kó wọn dé. Ó ku kí o wọlé."

Bushrah wò ó títí. Ó kúnlẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ti kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá páàdì padà fún un.

"Ẹ ṣeun, Bàbá àgbà. Ẹ máa wọlé. Ẹ̀yin lẹ rìn ín, kì í ṣe èmi àti bàbá mi."

Abdullateef bú sẹ́kún. Kò tíì wọlé títí di òní.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jiyàn géèmù, ẹ máa jiyàn yín, kò kàn mí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi nǹkan onínǹkan borí iyàn. Bí ìyàwó ilé bá sì kúnlẹ̀ níwájú yín, ẹ bi í léèrè ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún kí ẹ tó ní kó dìde. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó máa ń sọ pé òun ti gbọ́. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.